Ọmọ Ta Ni?

Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o. Gbogbo àdúgbò wa n'Íbàdàn ló mọ̀ mí mọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, bí mo bá gbé e mì, á há mi lọ́fun. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún 17. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni nígbà tí ọba ìlú wọn ní kí wọ́n fi ṣéènì so ìyá rẹ̀ kọ́ sórí igi, ojú ọmọ náà ló sì ṣe. Wọ́n lu bàbá rẹ̀ bí ẹni lu bàrà, ara bàbá náà kò sì bọ̀ sípò mọ́ láti ìgbà náà. Ó dáa. Ọmọ dàgbà, ó gbóyà, ó mọ ọ̀pá í fi jà bí ọkùnrin. Ẹ wá bi mí pé nínú gbogbo ọkùnrin tí Ọlọ́run dá sílé ayé, ta ló lọ fẹnu kò lẹ́nu? Ọmọ ọba ọ̀hún ni! Àrẹ̀mọ gan-an! Ọmọ bíbí inú ẹni tó pa ìyá ẹ̀!

Orí fóònù ni mo ti ń rojọ́ yìí fún àbúrò mi tó wà ní London, mo sì rò pé ohùn mi kò ga. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi tó ń gbé ìsàlẹ̀, fi gun àtẹ̀gùn wá, ìyẹ̀fun púfúpúfú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni àwọn èèyàn yẹn ń lọ?”

Mo ní wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, “Mo mọ̀!”

Inú ìwé ni wọ́n wà. Mo ṣàlàyé fún un títí pé inú ìwé ni wọ́n wà, pé ìtàn àròsọ ni, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó wá bi mí pé, “Ṣé bàbá ọmọbìnrin yẹn wá mọ̀ ṣá?”

Bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 16, tí wọ́n bí sí London, ló wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Báàgì méjì ló gbé bọ̀. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ọ̀kan nínú ẹ̀ máa jẹ́ ẹrù tí ìyá rẹ̀ fi rán an sí wa, ọṣẹ, ìpara, ṣokoléètì. Àfi ìwé! Ìwé ńláńlá tó nípọn bí odindi búrẹ́dì, tí wọ́n kun etí wọn láwọ̀, òmíràn dúdú, òmíràn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ní ẹ̀yìn wọn á dá. Bó bá máa gbé wọn kalẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa èèpo wọn bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá níléèwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kí n kàn yẹ̀ wọ́n wò, kí n mọ ohun tí ọmọ wa ń kó sórí. Ìyẹ̀wò ni o, kì í ṣe kíkà. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, wọ́n ti ń pe ìrun àsùbáà, ìrẹsì tí mo sè fún oúnjẹ alẹ́ sì wà nínú ìkòkò bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ mú ni Children of Blood and Bone, tó jáde ní 2018. Ọmọbìnrin kan wà lára èèpo rẹ̀ tí irun orí rẹ̀ funfun báláú, tí irun náà sì dìde bí èéfín. Zélie lorúkọ rẹ̀. Òun lẹni tí mo ń wí látẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ wa ló kọ ọ́, Tomi Adeyemi. Àwọn òbí rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1993. Ó kàwé ní Harvard, ó sì gba Salvador lọ ní Brazil, níbẹ̀ ló ti ṣe kòńgẹ́ àwòrán àwọn òrìṣà wa, tí ìtàn fi gbá a mú. Ẹ gbọ́ mi yé o. Ọ̀ṣun ń bẹ ní Òṣogbo, Ṣàngó ń bẹ ní Ọ̀yọ́. Ọmọ wa wọ bàálù lọ sí Brazil kó tó fojú kàn wọ́n. N kò bá a wí. Ta ló sọ fún un nílé? Èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́ Yorùbá ńkọ́, ṣé mo jẹ́ kí ọmọ dárúkọ Ṣàngó nílé mi rí lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́?

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi pòṣé nínú ìwé náà ni Ìlọrin. Ìlọrin léfòó lórí òkun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀, ilé wọn ń mì lójú omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ìlọrin Àfọ̀njá! Ìlọrin tí èèyàn máa wakọ̀ láàárọ̀ tí òógùn á bò ó kó tó rí òkun l'Ékòó! Ó fi Ìbàdàn sórí òkè, ìyẹn kò burú, àwa náà mọ̀ pé orí òkè la wà. Ó fi ààfin ọba sí Èkó, mi ò jiyàn, Èkó ti ń ṣe bí ọba lé wa lórí tipẹ́. Kìnnìún ni ọmọbìnrin náà ń gùn bí ẹṣin. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n Ìlọrin!

Mo ṣì ń pòṣé lọ́wọ́ tí ọmọ London wa wọ yàrá mi wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé náà lọ́wọ́, ó tọ́ka sí ìlà kan, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí. Mo wò ó. Yorùbá ni. Ọfọ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí àwọn òkú. Ọmọ tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ tó dé pé kó kúnlẹ̀ kó ní “Ẹ káàárọ̀ mà”, tó ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ oògùn ibà, òun ló dúró síwájú ibùsùn mi láago mẹ́wàá alẹ́, tó ń pe òkú jáde! Mo yára ṣe àmì àgbélébùú. Lẹ́yìn náà mo ní kó jókòó, mo tún ohùn ṣe fún un, mo fi dò-rè-mí kọ́ ọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bí ọmọ bá máa pe òkú, kó kúkú pè é dáadáa, kó má lọ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yìí, àrẹ̀mọ yìí, Inan. Òun gan-an ló ń lé ọmọbìnrin náà kiri láti mú un fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iná sọ ní Ìlọrin orí omi. Àṣírí tirẹ̀ sì nìyí: òun náà ní agbára idán tí bàbá rẹ̀ ń torí ẹ̀ pa èèyàn, tó torí ẹ̀ pa ìyá Zélie, irun orí rẹ̀ kan sì ti ń funfun, ó ń fi akoto bò ó. Níbo ló ti wá ń rí ọmọbìnrin náà bá sọ̀rọ̀? Inú àlá! Wọ́n á sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pàdé lójú oorun. Ìyá Ìbejì kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Ọkọ òru nìyẹn. Ààwẹ̀ ni.”

Ó wá kúrò ní ti ojú àlá, ó di ti ojú ayé, wọ́n fẹnu konu. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọba, bàbá ọmọkùnrin yìí kan náà, ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ èébú sí ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà, sínú ẹran ara. Bàbá ọkọ nìyẹn o! Ẹni tí a máa kúnlẹ̀ fún lọ́jọ́ ìdána!

Mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé dé, mo bi ara mi pé: níbo ni alárenà wà?

Kì í ṣe ti àjẹ́, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ti iwin tàbí òkú tó ń rìn. Àwọn ìyá ìjọ wa á máa pariwo pé ìwé báyìí á kó ẹ̀mí àìmọ́ wọlé. Èmi ò sí ńbẹ̀, wọ́n ti fi iwin dẹ́rù bà mí láti kékeré, ara mi sì dá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìwé wọ̀nyí tó béèrè pé ọmọ ta ni. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó ní òun ń lọ wo aṣọ òfì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo aṣọ òfì. Nígbà tó dé, òwú ẹyọ kan kò sí nínú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí bàbá ọkọ mi jẹ ní 1964, ó mọ ẹni tó jẹ, ó sì mọ ìdí tí kò fi san án tán. Ó mọ èwo nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ni orí rẹ̀ gbóná. Ó ní, “Ẹ lè fẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má yá wọn lówó.” Ogójì ọdún rèé, n kò yá wọn.

Zélie kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan wà lóòótọ́, Mama Agba, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀pá jíjà, tó jẹ́ pé bí àwọn ṣọ́jà bá dé, wọ́n á ṣe bí ẹni ń ránṣọ. Obìnrin gidi. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn ní ọ̀pá, kò kọ́ wọn ní ọkọ yíyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Tzain, ló bínú sí ọ̀rọ̀ Inan, mo sì ti ń gbóríyìn fún un pé ó ku ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé nínú ẹbí. Àṣé òun náà, ojú rẹ̀ ti wọ ara Amari. Ta ni Amari? Ọmọ ọba kan náà, lóbìnrin! Ẹ̀gbọ́n ń wá àna níbẹ̀, àbúrò ń wá àna níbẹ̀, ilé apànìyàn kan ṣoṣo! Ṣé ìlú wọn ò ní ilé mìíràn ni?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé yìí ṣe fíìmù, ọmọ South Africa kan, Thuso Mbedu, ni wọ́n ní kó ṣe Zélie. Àwọn èèyàn wa bínú pé kí ló dé tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Èmi ò bínú sí ìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó máa ṣe ẹbí ìyàwó, nítorí n kò rí ẹyọ kan nínú ìwé.

Bí ti Zélie bá bà yín lọ́kàn jẹ́, ẹ wá àga, torí ti Jude kò ṣeé gbọ́ lóòró. The Cruel Prince nìwé tirẹ̀, Holly Black ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, 2018 lòun náà jáde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wà nílé pẹ̀lú òbí wọn. Ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Madoc ni, ọ̀gágun ìlú àwọn iwin. Ìyá àwọn ọmọ yìí ti fìgbà kan rí jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú oyún, ó ṣe bí ẹni tó ti kú, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. (Ìyá Ìbejì: “Kò dá owó ìdána padà.” Mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.) Ọkùnrin náà yọ idà, ó pa ìyá, ó pa bàbá, lójú àwọn ọmọ. Àgbà nínú wọn ni ọmọ tirẹ̀. Jude àti Taryn, ìbejì ọlọ́dún méje, kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílùú iwin, ó tọ́ wọn. Ó fi wọ́n síléèwé! Wọ́n ń bá a jẹun lórí tábìlì kan náà, Jude sì fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tó fẹ́ràn rẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n mo tún un gbé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Cardan nìyí, àbíkẹ́yìn ọba àwọn iwin. Ọ̀mùtí. Ìkà. Gbogbo ohun tí ọmọ burúkú ń ṣe fún ọmọ mìíràn níléèwé ló ṣe fún Jude, torí pé ọmọ èèyàn ni Jude, òun sì jẹ́ iwin. Ó sì ní ìrù. Ẹ̀yin ará mi, ẹ kà á tán, ẹ tún un kà: ìrù, èyí tó hu irun ṣùùṣù lẹ́nu. Ó ń fi í pamọ́ sínú aṣọ. Nígbà tí mo dé ibi ìrù, Ìyá Ìbejì tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé òun ò fẹ́ pẹ́, ó jókòó.

Ó ní, “Ṣé ọmọbìnrin yẹn mọ̀ pé ó ní ìrù?”

Mo ní ó mọ̀.

Ó ní, “Ó sì ń bá a lọ.”

Mo ní kò tíì sí ohun kan láàárín wọn nígbà yẹn. Ó kàn rí bébà kan lára ohun ìní ọmọkùnrin náà ni, tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ, Jude, Jude, Jude, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá rí orúkọ yín kún inú bébà ọkùnrin báyìí, ojúbọ lẹ ó gbà lọ, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Jude rò ó títí, ó ní ó jọ pé ó kórìíra òun gan-an ni. Ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó ń mu májèlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn lára, tó jẹ́ amí, tó ti pa èèyàn sin láṣìírí!

Ti ìbejì rẹ̀, Taryn, ni n kò fẹ́ sọ lójú Ìyá Ìbejì, nítorí ìbejì obìnrin lòun náà bí. Ọkùnrin kan wà, Locke, olójú ẹwà, elétè dídùn. Ó ń fẹ́ Taryn ní ìkọ̀kọ̀. Nínú oṣù kan náà, ó ń fẹnu ko Jude lẹ́nu. Ìbejì méjèèjì! Taryn sì mọ̀, ó dákẹ́, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ, torí wọ́n ní ìdánwò ìfẹ́ ni. Ìyá Ìbejì ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n ń ta ayò lórí bálíkónì.

(Taryn fẹ́ Locke ṣá. Nínú ìwé kẹta, ó gún un pa. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.)

Àgbà tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà á ti rántí ọmọbìnrin kan báyìí. Èyí tó kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ mú wá, tó wá rí arẹwà kan lọ́jà, tó sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó lọ ni arẹwà ń dá ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ẹsẹ̀ níbí, apá lọ́hùn-ún, awọ, ẹran, títí ó fi ku agbárí lásán tó ń yí gbirigbiri lọ nílẹ̀. Amos Tutuola fi í sínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, ní 1952, àwọn òyìnbó sì lanu. Ìyá ìyá mi a máa pa á fún wa, bó bá dé ibi tí agbárí ti ń yí, á na ọwọ́ mú mi lọ́rùn nínú òkùnkùn. A mọ ohun tó ń wí. Ó ń wí pé bèèrè ẹsẹ̀ kí o tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé agbárí dénú igbó, ó rí i pé agbárí ni, ó ní agbárí náà wu òun bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé adé lé e lórí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ti Twilight tó gba ìgboro kan lẹ́yìn 2005, ìyẹn ò tilẹ̀ yá ara: ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1901, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 láti 1918, tó ń gba ojú fèrèsé wọlé lóru láti wo ọmọ ọlọ́mọ níbi tó sùn sí. Bàbá ọmọ ń hanrun ní yàrá kejì. Ọlọ́pàá ni bàbá náà!

Àwọn ìyá inú ìwé wọ̀nyí, bí wọn kò bá tíì kú, ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ó sàn kí wọ́n ti kú. Nínú Raybearer, tí Jordan Ifueko, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, kọ ní 2020, ìyá kan bí ọmọ nítorí àtifi pa ọmọ ọba. Kò ní ìdí mìíràn tó fi bí i. Ó so àṣẹ mọ́ ọmọ náà lára pé ọjọ́ tó bá fẹ́ràn ẹni náà tán ni kó pa á. Ó fi í sínú ilé kan, àwọn ìránṣẹ́ ń bọ́ ọ, wọ́n ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí wọn ò pọ̀n rí. Ibẹ̀ dùn mí, mo sọ òótọ́. Ìwé yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ó ní ẹjọ́ kan tó máa rò lọ́dọ̀ mi: ó sọ àbíkú di ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ alààyè bí ẹni ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àbíkú! Ọmọ tí à ń bẹ̀ pé kó dúró, tí à ń sọ ní Málọmọ́, tí à ń sọ ní Dúrójayé, òun ni wọ́n fi ṣe agbowó-orí!

Èyí tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ti Namina Forna, tí wọ́n bí ní Sierra Leone. The Gilded Ones, 2021. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ni, Deka, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wúrà. Bí wọ́n bá pa á, á jí. Àwọn àgbà ìlú rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n tì í mọ́ abẹ́ ilé ìsìn wọn, wọ́n ń pa á, ó ń jí, wọ́n tún ń pa á, wọ́n ń ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ohun èlò. Wọ́n ń fi ṣe owó. Ọmọ òyìnbó tó bá ka ibẹ̀ á ní ìtàn abàmì ni. Àwa tí a gbé Nàìjíríà ní 1996, nígbà tí ìgboro Owerri gbiná torí ọmọ tí wọ́n gé lórí ní òtẹ́ẹ̀lì Otokoto, a mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́. Mo dìde lóru ọjọ́ yẹn, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wo ọmọ àbúrò mi bóyá ó wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ìwé wà láyà rẹ̀.

Nnedi Okorafor tilẹ̀ fi orúkọ Otokoto yẹn sọ apànìyàn inú Akata Witch, tó jáde ní 2011. Nígbà tí wọ́n máa tẹ ìwé náà níbí, wọ́n pè é ní What Sunny Saw in the Flames, ọgbọ́n sì ni, torí ta ló máa ra ìwé Àjẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní Kérésì? Ní ti ìwé yẹn, àgbà wà níbẹ̀. Àgbà kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Olùkọ́ wà, ọ̀mọ̀wé wà. Kí ni àwọn àgbà náà ṣe? Wọ́n pe ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn, Sunny, jẹ́ ọmọ ọdún 12, wọ́n ní kí wọ́n lọ bá apànìyàn tó ń jí ọmọ gbé jà. Wọ́n sì sọ fún wọn lójú ara wọn pé àwọn tí àwọn rán ṣáájú kò padà wá. Ìyá Sunny wà nílé n'Ábá, kò mọ nǹkan kan. Mo ní ká wá àgbà. Wọ́n bá mi wá a, ó sì dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n gbé omi wá tí wọ́n gbé kẹrosíìnì wá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún Ìyá Ìbejì ní kíkún. Mo ní láyé tiwa, ìwé ìtàn ní láárí. Mo ní ṣé ó rántí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938? Ẹ̀rù wà níbẹ̀, iwin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé wà níbẹ̀. Ìdí ọmọ mọ́, a mọ ìyá rẹ̀, a mọ bàbá rẹ̀.

Ó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Àkàrà-Oògùn inú ẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ta ló pa ìyá ẹ̀?”

Mo dákẹ́.

“Ṣebí bàbá ẹ̀ ni? Ṣebí ó yìnbọn sí ẹran ìgbẹ́, ó sì jẹ́ ìyàwó ẹ̀?”

Mo ní ti ìyẹn yàtọ̀. Mo ní àjẹ́ ni ìyá náà.

Ó ní, “Ìyá Zélie ńkọ́, kí ni tiẹ̀?”

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé yẹn o. Mo bá a mú ẹ̀wà díẹ̀ bó.

Ọmọ London wa ti padà sílé báyìí. Ó di ìwé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, ó kà wọ́n, ó ní ọ̀kan ò pé, The Wicked King, ìkejì nínú ti Jude. Ó wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá ẹ̀yìn fíríjì. Ó bi mí pé, “Bíìgì Mọ́mì, ṣé ẹ ò rí i?” Mo ní kó má ṣèyọnu, pé bí mo bá rí i, màá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ní Yorùbá tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ, ohùn orí rẹ̀ sì pé: “Ẹ má ká ẹ̀yìn ẹ̀ o, mà.”

Inú garawa ìrẹsì ló wà. Wọ́n mú iná lọ lánàá láago méje, mo gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ mi, agogo kan òru ni mo fi dé ibi tí mo ń wá. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ó fẹ́ ẹ?”

Mo yọjú. Mo ní, “Ó fẹ́ ẹ.”

“Onírù yẹn?”

“Òun náà ni. Àwọn méjèèjì nìkan, nínú yàrá, kò sí ẹbí, kò sí obì, kò sí oyin. Kò sì pẹ́ tó fi lé e kúrò nílùú pátápátá.”

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, kí n má tíì sọ ìyókù fẹ́nikẹ́ni, òun fẹ́ sọ ẹ̀wà kalẹ̀ lórí iná, òun ń gòkè bọ̀.